Fítámì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú tán kí ó tó di ẹni tó ń fi fítámì ránṣẹ́ sí Màmá déédéé. Nígbà tó wà láyé, ìgbà tó bá rántí ni. Ike oògùn kan lè tán, kí ó sì tó oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó ti Kánádà dé, Màmá á sì máa sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Lẹ́yìn tó kú, kò pẹ́ rí. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn iwin ni mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo ń ṣe é. Àwọn ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe èmi, màá sọ ìyẹn náà tí a bá débẹ̀.

Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. N kò pè é ní "ẹ" rí láyé mi, ojoojúmọ́ la sì ń jà ní kékeré. Àárọ̀ Sátidé kan ni ìyàwó ẹ̀ pè mí. Mo wà ní Mile 12, mo ń ná ata. Ó ń sunkún lórí fóònù, àwọn alábàárù ń pariwo pé kí a yàgò, èmi náà ń pariwo pé, "Sọ̀rọ̀ sókè, n kò gbọ́." Ó wá sọ ọ́ sókè. Ó ní àyà ló gbé e lọ. Mo san owó ata, mo gba ata, mo sì gbé e délé. Títí dòní, n kò lè sọ bí mo ṣe rìn ín.

Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí Uncle fi dé. Àbúrò Daddy ni wọ́n, àwọn ni olórí ilé wa láti ìgbà tí Daddy ti kú. Wọn ò wọlé wa. Ilé aládùúgbò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní kí n yọ́ wá, wọ́n sì pe àbúrò wa ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn lórí fóònù kí òun náà lè gbọ́. Wọ́n ní, "Ìyá yín ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún wọn nínú yín? Ìwọ ni? Òkú méjì lo fẹ́ sin?" Nínú ìdílé wa, a kì í sọ ikú ọmọ fún ìyá tó ti darúgbó. Ìrìn àjò ni ọmọ ń lọ, ìrìn àjò náà ò sì ní í tán títí ìyá á fi lọ bá a níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá Daddy nìyẹn.

Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi ti lò lókè òkun. Láti Ìkòsì níbí, ẹni tó wà ní Kánádà àti ẹni tó ti kú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: o ò rí èyí, o ò rí ìyẹn. A ní iléeṣẹ́ ẹ̀ ti gbé e lọ sórí ọkọ̀ ojú omi, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa níbẹ̀, pé ó lè fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n kò lè pè. Fóònù mi kún fún ohùn tó ti ń gbà ránṣẹ́ sí Màmá látijọ́, torí èmi ni mo máa ń ṣí i fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Mummy, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo fítámì yín? Ẹ máa lò ó o." Màmá á fèsì, màá gba èsì náà sílẹ̀, màá sì fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹ̀ lóòótọ́, kí ojú wọn lè rí i pé mo fi ránṣẹ́. Àmì pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí kì í yọ.

Àárọ̀ ni Màmá máa ń lo fítámì náà, lẹ́yìn àdúrà. Wọ́n á gbé hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, bí mo ṣe gbé e mì yìí, ẹ̀mí ẹ á gùn. O ò ní ṣáájú mi." Ọkọ mi ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n á gbé e mì, wọ́n á mu omi lé e. Èmi á wà ní kíṣìnnì, màá máa gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n forí gbá ògiri.

Nígbà tí èyí tó fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn ń tán lọ, Màmá ní, "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé fítámì mi ti ń tán o." Kí ni kí n ṣe? Mo lọ sí kẹ́míìsì kan ní Kétu, mo ní kí wọ́n fún mi ní fítámì D, èyí tó lágbára dáadáa. Ọkùnrin tó tà á fún mi fi bírò kọ nǹkan sára páálí ẹ̀, ó sì tún fẹnu sọ ọ́: hóró kan lọ́sẹ̀ kan. Mo gbọ́. N kò ní purọ́ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí ní Kétu kò lè ti orí òkun wá, ohun tó gbà mí lọ́kàn nìyẹn. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá mi, mo tẹ àwọn kápúsù náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú ọ̀kan nínú ike àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, mo sì dáná sun páálí náà. Ẹni tí kò bá wò wọ́n dáadáa ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín kápúsù méjèèjì. Ara ike náà sì ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé hóró kan lójúmọ́. Màmá ò ya púrúǹtù. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n kà á, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ṣe.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé láti Ifákọ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bá Màmá nídìí tábìlì. Ike fítámì kan wà níwájú wọn, tuntun, wọn ò tíì já ìdérí ẹ̀. Mo dúró, mo wò ó. Kì í ṣe èmi ni mo mú un wá.

"Ọkọ mi tún ti ṣe é," Màmá ní. "Ó jọ pé ó ti gbọ́ pé ara mi ò le."

Mo ní, "Ta ló gbé e wá?"

"Ọkùnrin kan ni. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní ẹni tó rán òun ní kí òun kí mi dáadáa."

Àpò bébà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà. Wọ́n kọ "Mummy, Ìkòsì" sí i lára, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi sì ni. Kò sí bí n kò ṣe ní mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo máa ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré. Ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo ti ń ṣe ọwọ́ fún òkú láti oṣù mẹ́ta, mo wá rí i pé òkú náà ti dá ọwọ́ tiẹ̀ lò. Mo wọ yàrá lọ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ ohùn Màmá ní pálọ̀, wọ́n ń sọ fún un pé ó ṣeun.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé ẹ̀rù yẹn káàkiri kí n tó lè pe ìyàwó ẹ̀. Òun ló ṣe é. Ó ní àpò náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pé ẹ̀gbọ́n mi ti kọ nǹkan sí i lára kó tó kú, òun sì rò pé ó yẹ kí òun ràn wá lọ́wọ́ nínú ohun tí à ń sọ fún Mummy. Ó ní òun á máa fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí n ní kó má ṣe é mọ́. Ó ṣeun ni mo sọ. Inú mi ti dùn jù pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nídìí ẹ̀.

Bí ike ṣe di méjì nìyẹn, Màmá ò sì gbà láti gbé ọ̀kan tì. Wọ́n ní ìwà àìmoore ni, pé ọmọ ò lè máa náwó nára kí ìyá máa fi nǹkan ẹ̀ tàfàlà. Wọ́n ń lo ọ̀kan láàárọ̀, wọ́n ń lo ìkejì lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣàdúrà pé kí ẹ̀mí ẹ̀ gùn.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá á mu omi tán nínú jọ́ọ̀gì, wọ́n á ní kí n tún bù sí i. Wọ́n ń tọ̀ ṣáá. Oúnjẹ ò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo ní ọjọ́ orí ni. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé dé. Wọ́n á gbé ìkòkò òfìfo kaná, wọ́n á máa wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì wọ yúnífọ́ọ̀mù mi. Mo tún ní ọjọ́ orí ni. Ẹni tó ń gbé irọ́ kiri kì í fẹ́ yẹ nǹkan wò fínnífínní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ti ràn dáadáa, mo rí ife omi méjì lórí tábìlì. Ọ̀kan wà níwájú Màmá, èkejì wà níwájú àga tó ṣófo. Mo bèèrè pé ta ni à ń retí.

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. "O ò kí ẹ̀gbọ́n ẹ? Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá lójoojúmọ́. Kì í wá lóru. Ọ̀sán gangan ló máa ń dé, nígbà tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́, tí gbogbo èèyàn wà níbi iṣẹ́. Tí mo bá wà nílé lọ́sẹ̀ tí iléèwé gba ìsinmi, màá gbọ́ tí Màmá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí. Wọ́n ní ara ẹ̀ dá, ó tiẹ̀ sanra díẹ̀, àfi pé kì í jẹ́ kí àwọn rí ojú ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kan, wọ́n kàn sọ ọ́ lójijì láìwo ẹ̀yìn, "Ó ní ibi tí wọ́n gbé òun sí tutù." Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ìgbà tí yìnyín ń bọ́ ni wọ́n sin ín. Ìyàwó ẹ̀ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa á rẹ́. Kò sí ẹni tó fi han Màmá.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá ti ń bá òkú sọ̀rọ̀ ti ń di ẹrù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òkú ni ńkọ́? Ta ló sọ fún un? Uncle wá wò wọ́n ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Wọ́n fẹ́ jókòó sórí àga yẹn, Màmá ní, "Ẹ rọra, ẹ̀yin náà ò rí i pé èèyàn wà níbẹ̀?" Uncle dúró gbagidi. Wọ́n fà mí jáde sí kọ́ńpáùn, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "Ṣé o ti sọ fún wọn ni?" Mo ní rárá. Wọn ò padà wọlé wá mú fìlà wọn, èmi ni mo gbé e lọ fún wọn nínú ọkọ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, Màmá ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ò sì lórí, kò nídìí. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kétu. Dókítà ibẹ̀ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nígbà tí èsì sì dé, ó ní kálísíọ́mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ Màmá, kíndìnrín wọn ti ń jìyà ẹ̀, òun náà ló sì ń da orí wọn rú. Ó bi mí pé oògùn wo ni wọ́n ń lò. Mo ka ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ka ti ẹsẹ̀. Ó wá kù díẹ̀ kí n jáde tí mo ní, "Àti fítámì." Ó gbé orí sókè. Ó bi mí pé fítámì wo. Nígbà tí mo ní D ni, ó ní èyí tó bá pọ̀ jù nínú ara ló máa ń kó kálísíọ́mù sínú ẹ̀jẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì kọ ìwé pé kí wọ́n lọ wọn ìyẹn náà.

Obìnrin kan ló wà ní láàbù tí a lọ, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ohùn ẹ̀ ò sì ga. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Gbogbo fítámì tí Mummy ń lò, ẹ kó o dání."

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ò lè ka ẹ̀jẹ̀ Màmá. Ó ní iye kan wà tí ẹ̀rọ náà lè kà mọ, pé ti Màmá ti ré ibẹ̀ kọjá, ohun tó sì ń sọ kò ju pé ó ti pọ̀ ju ohun tí òun lè kà lọ. Wọ́n ní láti la ẹ̀jẹ̀ náà, bí èèyàn ṣe ń bomi la ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù, kí wọ́n tó mọ iye tó jẹ́. Ó ní òun ti rí tẹni tí kò ní in tó nínú ara, ìyẹn pọ̀ dáadáa. Irú èyí, inú ìwé nìkan ni òun ti ń kà á.

Ó da ike kìíní sórí bébà funfun, ó fi bírò ya àwọn kápúsù náà sọ́tọ̀. Ó da ìkejì. Ó mú ọ̀kan níbí, ó mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó gbé wọn sún mọ́ iná. "Aunty, méjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀. Èyí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ta ló kó o sínú ike yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́," mo ní. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ bá mi pè wọ́n. Ó yẹ kí n mọ ìgbà tí wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́."

Ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́yìn ẹ̀. Mo mú fóònù jáde nínú báàgì, mo wá nọ́ńbà ẹ̀, mo sì pè é. Mo búra, mo tẹ̀ ẹ́. N kò lè ṣàlàyé ohun tí mo ń retí. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbọ́ pé ó máa gbé e. Ohùn obìnrin kan ló jáde, ó ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Obìnrin láàbù náà gbọ́ ọ, òun náà ń wò mí.

"Ó ti kú," mo ní. Mi ò tíì sọ ọ́ síta rí láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. "Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

Ó wo àwọn kápúsù tó wà lórí bébà, ó tún wò mí. Ó rọra ní, "Ta ló wá ń fi í ránṣẹ́?"

Mo ní, "Èmi ni."

Kò bú mi. Ì bá sì ti bú mi, ara ì bá tù mí. Ó ní kí n má fún Màmá mọ́, hóró kan pàápàá. Ó ní ó ti wọ inú ọ̀rá ara wọn, pé ó máa pẹ́ kó tó jáde tán, kí n máa mú wọn wá ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè fún àyẹ̀wò.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi fa omi sí Màmá lára ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí a délé, wọ́n bèèrè fítámì wọn. Mo ní ọkọ wọn fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n sinmi ẹ̀ díẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ títí, wọn ò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n òkú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ó dáa. Òun ló mọ̀ ọ́n."

Gbogbo Túsìdeè ni a ń lọ. Obìnrin láàbù á fa ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ kejì á sì pè mí, inú ẹ̀ á máa dùn: "Aunty, kálísíọ́mù wọn ń bọ̀ sílẹ̀." Màá dúpẹ́, màá gé fóònù, àyà mi á já. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń wálẹ̀ ni ojú Màmá ń là. Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n ní ta ló gbé ìkòkò sí ibi tí kì í ṣe àyè ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rántí ọjọ́ tí wọ́n san owó iná, wọ́n tiẹ̀ rántí ẹni tí wọ́n bá jà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ife omi kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Wọ́n wo àga náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í wá mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé ohun tó bo orí wọn mọ́lẹ̀ ló ń bá wa bo irọ́ wa. Màmá tí mo mọ̀, tí orí wọn pé, a kì bá tí lè tàn wọ́n jẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ fún obìnrin láàbù pé mo ti da ìyókù kápúsù nù. N kò dà á nù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ara mi ní kíṣìnnì. Ògì Màmá wà níwájú mi, ó ń gbóná. Hóró kápúsù kan wà láàárín ìka mi, abẹ́rẹ́ ìránṣọ wà lọ́wọ́ mi kejì. N kò mọ ìgbà tí mo lọ mú wọn wá. Mo ń rò ó pé tí mo bá gún un, òróró inú ẹ̀ á dà sínú ògì, wọn ò ní mọ̀. Kò ní pa wọ́n. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí orí wọn má kàn là jù. Kí ó lè máa wá mu omi ẹ̀ lọ́sàn-án, kí inú wọn lè máa dùn. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń rò ó, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun fi iyọ̀ sí i. Gbogbo ohun tí mo ti rí nínú ilé yẹn, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù bí ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn. Mo da ike méjèèjì sí ṣáláńgá, mo da omi lé e, mo da ògì náà nù, mo gbé òmíràn kaná. Ojú tì mí. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní Wẹ́sidé tó tẹ̀lé e, obìnrin láàbù pè mí pé kálísíọ́mù Màmá ti padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Ó ní fítámì náà ṣì ga, ṣùgbọ́n ewu ti dínkù, kíndìnrín wọn sì ti ń gbádùn. Ó ní, "Aunty, ẹ kú oríire." Mo ti ibi iṣẹ́ délé, mo bá Màmá ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ohùn ọkọ àwọn. Mo mú ọ̀kan jáde.

"Mummy, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo fítámì yín?"

Màmá ní, "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.

"Kí ló ń hó lẹ́yìn ẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ó jọ kẹ́tùrù."

"Gbogbo ìgbà ni kẹ́tùrù yẹn máa ń hó." Wọ́n bó ẹ̀gúsí kan, wọ́n jù ú sínú igbá. "Ibì kan náà ló sì máa ń bá a dé nínú ọ̀rọ̀. Tó bá ti bèèrè ẹsẹ̀ mi tán, á hó. Ìgbà mélòó lo ti fún mi gbọ́ eléyìí?"

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kì í sọ ohun tí ẹni tó ń sáré níwájú máa ṣe tí ó bá yíjú padà. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí.

Màmá ní, "Ọmọ mi ti kú." Wọn ò fi bèèrè.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

Mo ń retí kí wọ́n ṣubú. Gbogbo ohun tí Uncle sọ ló ń dún létí mi, mo ti na ọwọ́ síta kí n lè gbá wọn mú. Wọn ò ṣubú. Ọwọ́ wọn kàn dúró nínú igbá. Ẹnì kan ń lọ ata ní ilé kejì, ẹ̀rọ ẹ̀ dún títí, ó dákẹ́.

"Ọ̀sán ni àbí òru?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy?"

"Ìgbà tó kú. Ọ̀sán ni àbí òru?"

N kò mọ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

N kò mọ̀.

"Ṣé ó pe ẹnikẹ́ni? Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Oṣù mẹ́wàá. Mo ti ra kápúsù, mo ti sun páálí, mo ti to ohùn ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo mọ èyí tí mo lò lọ́sẹ̀ wo. Mi ò bèèrè bó ṣe kú rí. Mo ti fi ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé n kò rántí sunkún ẹ̀. Màmá wò mí, ojú wọn mọ́ kedere, n kò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ni àbúrò ẹ̀. O ò bèèrè?"

Ẹkún wá gbé mi. Kì í ṣe ẹkún ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ẹkún ẹ̀gbọ́n mi ni, tó ti ń dúró láti ọjọ́ tí mo ti wà láàárín ata ní Mile 12. Màmá jẹ́ kí n sun ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àpótí wọn, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n ní, "Pe ìyàwó ẹ̀. Bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo pè é. Ó gbé e. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè bèèrè. Màmá gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kí i pé ó kú ọ̀fọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.